Kí A Tó Fi Akíkanjú Dère

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àròyé ni òwe yìí, kì í ṣe àṣẹ. Ìwà àìmoore ni àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á fi ń bú. Ṣùgbọ́n lóde òní, ó dà bí ẹni pé àwọn ìlú wa ti sọ ọ́ di òfin, pàápàá ní ti àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Ní 15 January ọdọọdún, ìjọba a máa fi òdòdó sí ibi ìrántí àwọn ọmọ-ogun tí ó kú, wọn a yìnbọn, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Wọ́n yan ọjọ́ náà nítorí pé 15 January 1970 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ta ni ń bu ọlá fún èyí tí ó wà láàyè, tí ó ń tiro kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọjà?

Àṣà Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì parí ní 1886, Ògèdèǹgbé kò di ẹni ìgbàgbé ní Iléṣà. Oyè Ọbańlá ni wọ́n fi í jẹ, ó sì wà nínú àwọn ìjòyè ńlá ìlú títí ó fi kú ní 1910. Ní Ìbàdàn, ìlà oyè Balógun ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlà méjì tí a ti ń fi Olúbàdàn jẹ. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni pé kí ẹni tí ó mọ ogun jà tún rí ipò tí yóò fi tún ìlú ṣe.

Ẹ wo Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ẹni ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní March 1944, àwọn ọmọ-ogun Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan ní Bọ́mà, ìbọn sì bà á. Òun àti David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, ni ó ṣẹ́kù sínú igbó. Shuyiman, mùsùlùmí ará abúlé kan níbẹ̀, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó fi wọ́n pamọ́, ó sì ń bọ́ wọn títí ìrànlọ́wọ́ fi dé ní December ọdún náà.

Fádóyèbọ̀ padà wálé, ó sì ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, Barnaby Phillips, bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman. Ní 2012, baba náà kú ní ẹni ọdún 86. Àlejò ni ó tẹ ìwé rẹ̀, àlejò ni ó jíṣẹ́ ọpẹ́ rẹ̀. Kí ni ọmọ onílé ń ṣe?

Àwọn kan yóò ní ogun òyìnbó ni ogun Bọ́mà. Àwọn mìíràn yóò ní ìfipágbàjọba ti ba orúkọ sójà jẹ́. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ni ogun ni a fẹ́ yìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ó fi ìbọn gba ìjọba. Ẹni tí ó ti ojú ikú bọ̀, tí ó wá ń ṣáájú àwọn ọdẹ adúgbò, tí ó ń kọ́ ọmọ aláìníbaba níṣẹ́, tí ó ń parí ìjà láàárín ilé, òun ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àwọn ará Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970 ni ó kù, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní 70 ọdún. Kí àwọn olùkọ́ pè wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi èdè Yorùbá kọ ìtàn wọn, kí ẹ̀dà kan sì wà láàfin. Bí ọjọ́ àjọ̀dún ìlú bá pé, kí ọba fún wọn ní ìjókòó láàárín àwọn ìjòyè, kí akéwì sì ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé máa bá wọn lọ síbi àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n má baà máa dá dúró nínú oòrùn.

Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn. Ère kì í gbọ́ oríkì; ènìyàn alààyè ni í gbọ́ ọ.