Ẹ Wọn Iná Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì

Ọ̀rọ̀ àwọn alùpùpù àtijọ́ la mú wá: Yamaha Mate tí àwọn zémíjàn fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ́ńjìnnì wọn ṣì le. Iná wọn ló ń dà wá láàmú.

Ànpúlù jó, a pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Bátìrì hó, omi inú rẹ̀ gbẹ, a ra tuntun, kò pẹ́ tí ìyẹn náà fi kú. Lójú tiwa, ètè la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni iná tó ń pèsè ń pọ̀ sí i. Rẹ́gúlétọ̀, tí àwa ń pè ní régulateur, ni kì í jẹ́ kí ó kọjá ààlà. Bí ó bá bàjẹ́, iná lè pọ̀ jù, tàbí kí bátìrì má rí iná gbà mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Lára alùpùpù 12 volt, bátìrì tó kún máa ń ní nǹkan bíi 12.6 volt bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí ó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ tàbí máàsì rẹ̀ ni ẹ fura sí. Bí kò bá gòkè rárá, ẹ yẹ gbogbo okùn àti ìsopọ̀ wò kí ẹ tó dá rẹ́gúlétọ̀ lẹ́bi.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ okùn máàsì kúrò lórí bátìrì. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpatà kúrò níbi tí rẹ́gúlétọ̀ máa jókòó, kí irin kan irin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà rí máàsì. Ẹ má fi ti 12 volt sára alùpùpù 6 volt. Àwọn tó pẹ́ gan-an mìíràn ò tiẹ̀ ní rẹ́gúlétọ̀: ànpúlù àti bátìrì ló jọ ń pín iná náà, tí ti ẹ̀yìn bá jó, ti iwájú lè tẹ̀ lé e.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ìwọnná wà fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe. A ò gbà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, à ń kọ́ àwọn ọmọ ní volt nínú PCT, lédè Faransé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ igi kì í gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá kọ́ ọ, kí ẹ̀rọ ìwọnná kan sì wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe alùpùpù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Alùpùpù tí kò níná lóru, tó gbé ìyá àti ọmọ sẹ́yìn, ń wá ikú kiri ni.

Ẹ̀yin oníbàárà, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ lọ ra bátìrì tuntun, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé: "Ọ̀gá, volt mélòó lẹ bá níbẹ̀?"