Ilé Ni Àjálù Ti Ń Bá Eléré

Bí a bá bi àwọn onímọ̀ àṣà léèrè ohun tó pa eré alárìnjó, sinimá ni wọ́n máa ń nàka sí, lẹ́yìn náà fídíò, lẹ́yìn náà fóònù alágbèéká. Ìdáhùn tó rọrùn ni, nítorí kò sí gómìnà kankan tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ògúǹdé, tó dá ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, kò sá fún sinimá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Aiyé jáde ní 1979.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó ń wo eégún aláré. Nígbà tí àwọn ìjòyè ìlú mìíràn bá wá kí Aláàfin ni wọ́n máa ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kó sínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Òjòlá ńlá kan yọ, ó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó funfun báláú kan jáde, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ẹ̀rín sì pa èrò. Àlejò náà rí ara rẹ̀ lójú agbo.

Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́-Ilé fi di ahoro. Ogun ló tú u. Olúewu kú sójú ogun ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Eléré tí ààfin ń bọ́ di ogúnléndé pẹ̀lú àwọn tó ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe òyìnbó. Ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì Hagenbeck-Wallace ní Amẹ́ríkà máa ń rin ìlú dé ìlú. Bí òtútù bá dé, wọn a kó ẹran wọn padà sí ibùdó wọn nítòsí Peru, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ibẹ̀ ni omíyalé ti ká wọn mọ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà 1913. Erin 8, kìnnìún àti ẹkùn 21 àti ẹṣin eléré 8 ló ṣègbé. Wọn kò sí lójú ọ̀nà nígbà náà; ilé ni wọ́n wà.

Ẹ wá wo ìhà Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ọ̀sì ni ìlú Aréògún, agbẹ́gilére tó kú ní 1954, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Wọ́n tọ́jú ère ẹ̀pà dáadáa níbẹ̀, láàárín gíláàsì. Ṣùgbọ́n orí ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ ẹ̀pà fún, ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára ni yóò gbé e fò. Ta ni yóò gbé e bí ọ̀dọ́ bá ti sá kúrò nílé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Bélú 2025, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Aposteli Kristi kan ní Eruku. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì kó ènìyàn 38 lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé ìsìn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ká ìkọlù náà sílẹ̀, gbogbo ayé sì wò ó bí ẹni ń wòran. Ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa ní agbègbè náà. Ọjọ́ 23 ni ìròyìn dé pé àwọn tí wọ́n kó lọ ti gba ìtúsílẹ̀.

Inú dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n padà sí wà lójú ọ̀nà Ọmù-Àrán sí Kabba, igbó sì wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá ń bu owó lé ọjọ́ àṣà ní olú-ìlú, tó ń pe onílù àti eégún wá fún àlejò ní pápá ìṣeré, ó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: ọdẹ mélòó ló ń gba owó oṣù láti ṣọ́ igbó tó yí Eruku ká, ta sì ni yóò gbé ìpè ará Ìlọfà bí ìbọn bá tún dún lóru?