Ẹ̀tọ́ Olùrà Ni, Kì í Ṣe Èènì

Kò sí ọjà kan láti Sókótó dé Èkó tí olùrà kì í ti í béèrè èènì. Ìyá tí ó ra kóńgò gààrí mẹ́wàá kò ní í gbé igbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí a kò bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Àwọn kan ń pè é ní èènì, àwọn mìíràn ń pè é ní jàárá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn mọ̀: kí owó tó kúrò lọ́wọ́ olùrà ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀. Bí owó bá ti bọ́ sí àpò ẹni tí ń tà, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó kù. Ohun ìyanu ni pé ọgbọ́n tí ìyá yìí fi ń ra gààrí ni ìjọba orílẹ̀-èdè ńlá máa ń gbàgbé nígbà tí ó bá ń ra ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú tàbí ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ojú wọn là kì í ra irú ohun bẹ́ẹ̀ lásán. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, wọn a là á fún ẹni tí ń tà pé apá kan iṣẹ́ náà ni a ó ṣe ní ilẹ̀ olùrà, pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni a ó kọ́ ní iṣẹ́ náà, àti pé ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ni a ó ti ra àwọn ẹ̀yà kan. Èyí kọjá èènì. Apá kan ohun tí a san owó fún ni, ẹ̀tọ́ olùrà sì ni.

Àwọn kan a máa sọ pé Náìjíríà kò tí ì tó irú rẹ̀ í béèrè. Ìtàn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ já wọn ní irọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010 ni Goodluck Jonathan, adelé ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ìwọ̀n iṣẹ́ epo rọ̀bì tí ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀. Òfin náà ń yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ àgbàṣe kọ̀ọ̀kan sínú àpò tí a fi ń ró àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ lágbára, ìgbìmọ̀ kan ní Yenagoa sì ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Total nílò ọkọ̀ tí yóò máa fa epo ní ojú kànga Egina nínú òkun, Gúúsù Kòríà ni a ti kan ara ọkọ̀ náà, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 330. Ṣùgbọ́n kò gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ojú kànga. Èkó ni ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Ibẹ̀ ni a ti so ẹ̀yà ńlá mẹ́fà tí a ṣe ní Náìjíríà mọ́ ọn, kí ó tó kọrí sí òkun ní oṣù kẹjọ. Kì í ṣe àánú ni ó gbé e yà sí Èkó, òfin ni.

Ẹ wá wo ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Igbákejì Ààrẹ Yemi Osinbajo fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí a ó ti máa to ọkọ̀ ẹrù ojú irin lélẹ̀ ní Kájọlà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ìpìlẹ̀ Yunifásítì ìmọ̀ ìrìnnà lélẹ̀ ní Daura. CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó gba iṣẹ́ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ni a gbé iṣẹ́ kíkọ́ méjèèjì lé lọ́wọ́. Ohun rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìtọrẹ ilé iṣẹ́ fún ìlú ni a pe ti Daura. Ẹni tí ń tọrẹ ni ó ń pinnu bí ọrẹ yóò ti tóbi tó àti ọjọ́ tí yóò dé. Ẹni tí a tọrẹ fún kò ní ẹnu láti bínú bí ó bá pẹ́ tàbí bí ó bá kéré. Kí ni ó dé tí orílẹ̀-èdè tí ó san owó yóò fi máa dúpẹ́ bí alágbe?

Kì í ṣe pé ìjọba kò sọ̀rọ̀ rí. Òfin rírà ìjọba ti ọdún 2007 fi ààyè sílẹ̀ láti ṣe ojúure sí oníṣẹ́ ilẹ̀. Àṣẹ ọdún 2017 ní kí ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 owó tí a fi ń ra àwọn ohun kan, bí aṣọ iṣẹ́, àga àti ohun ìkọ̀wé, jẹ́ ti ohun tí a ṣe nílé. Òmíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 2018, ìlànà mìíràn sì tún dé ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n àṣẹ ààrẹ kì í ṣe òfin ilé ìgbìmọ̀: ohun tí ààrẹ kan fi ọwọ́ kọ, ààrẹ mìíràn lè fi ọwọ́ pa á rẹ́.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí a dá lóhùn. Èkíní ni pé ẹni tí ń tà yóò fi owó ìkọ́ṣẹ́ kún owó ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí a san fún ìmọ̀ kò ṣòfò, nítorí ẹ̀rọ tí ọmọ ilẹ̀ kò lè tún ṣe yóò máa gba owó lọ sí òkè òkun títí yóò fi di àlòkù. Èkejì ni pé irú àdéhùn yìí a máa di ihò olè. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ń tọ́ka sí, tí ó ra ohun ìjà ní ọdún 1999 lórí ìlérí pé iṣẹ́ tí ó lé ní 60,000 yóò ti ibẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà kò yọ bí a ti ṣèlérí rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ogun Gripen wà lára ohun tí wọ́n rà. Gripen kan náà ni Bràsíìlì fọwọ́ sí ní ọdún 2014 láti ra 36 nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó lé ní 300 lọ kọ́ṣẹ́ ní Swídìn, a sì ṣí ibi tí a ti ń to ọkọ̀ náà ní Bràsíìlì ní ọdún 2023. Ọjà kan náà, èso ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àdéhùn tí ó ka iye ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó ka ìlérí owó.

Ìkìlọ̀ mìíràn wà nílé. Ní ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba rà wọ́n títí Peugeot 504 fi di àmì ipò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí a dì sínú àpótí láti òkè òkun ni a ń tò. Nígbà tí owó òkèèrè wọ́n, àpótí kò dé mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, iṣẹ́ sì falẹ̀. Títò nǹkan kì í ṣe ṣíṣe nǹkan.

Nítorí náà, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ọ́ di òfin fún gbogbo rírà ńlá, bí ó ti sọ ọ́ di òfin fún epo. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn kí a tó san kọ́bọ̀. Kí a fi iṣẹ́ tí ọmọ ilẹ̀ lè dá ṣe wọ̀n ọ́n. Kí a tẹ̀ ẹ́ jáde fún ará ìlú lọ́dọọdún, kí ẹni tí ó bá yẹ àdéhùn sì san owó ìtanràn. Àdéhùn kan wà nínú àjọ òwò àgbáyé tí ó ka irú ìbéèrè yìí léèwọ̀ fún àwọn tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́; Náìjíríà kò sí lára wọn. Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti kan àwọn olùkọ́. Kì í ṣe òjijì ni Bràsíìlì rí àwọn tí yóò rán lọ sí Swídìn. Ọdún 1950 ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ ní São José dos Campos. Ọdún 1969 ni ó tó dá ilé iṣẹ́ Embraer sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú ilé iṣẹ́ ní ọdún 19. Bí àjèjì bá dé tí kò bá ẹni tí ó lè jó irin pọ̀ tàbí tí ó lè ka àwòrán ẹ̀rọ, àwáwí ti dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn: yóò ní òun wá ènìyàn, òun kò rí. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní irinṣẹ́, àti olùkọ́ ìṣirò tí a kò san owó oṣù rẹ̀, ni wọ́n ń kọ àwáwí náà fún un. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ìjọba béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà, kí ó sì san ẹ̀tọ́ olùkọ́ fún olùkọ́, nítorí ọwọ́ ọmọ tí olùkọ́ bá kọ́ ni ẹ̀tọ́ náà yóò bọ́ sí.