Àánú Ojú Títì àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Mọ́tò Gbá

Kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mọ́tò gbá ní Ọjọ́ta tàbí Ìwó Road tó gbẹ, àwọn alárinà á ti pé lé e lórí. "Ẹ ṣọpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí." Awakọ̀ á dọ̀bálẹ̀, owó díẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó farapa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sì tú ká. Ìwà ọmọlúàbí ni ká gbẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀bẹ̀ yìí ń ṣe láǹfààní jù lọ kò sí lójú títì rárá: ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ti gbowó lọ́wọ́ onímọ́tò, tí kò sì ní san kọ́bọ̀.

Òfin 1945 ló sọ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ di dandan ní Nàìjíríà. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ń rà nítorí ọlọ́pàá yìí, tẹ́dì pátì, kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe, tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, ni wọ́n rà á fún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni láti ₦5,000 sí ₦15,000, iye tó lè jáde fún dúkìá sì di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá ní in. Rírà nìkan ni gbogbo ariwo náà dá lé. Ta ló kọ́ mẹ̀kúnnù bí wọ́n ṣe ń béèrè owó náà?

Àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ adójútòfò a máa fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Irọ́ kọ́. Torí náà, bó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn ló fọ́, kí wọ́n yanjú ẹ̀ níbẹ̀, kí kálukú máa lọ. Ara èèyàn ni kò ṣeé ná lójú títì, torí ìrora ọrùn lè má jẹyọ títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ti gbowó, tó fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti tán, á ṣòro fún un láti padà wá béèrè owó ìtọ́jú.

Fóònù ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, kó tó kan owó: àwòrán ọkọ̀ méjèèjì kí wọ́n tó wọ́ wọn kúrò, nọ́ńbà ọkọ̀, láísẹ́ǹsì, ìwé ìnṣọ́ránsì, àti nọ́ńbà ẹnì kan tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro. Títẹ *565*11# lórí fóònù lè tú àṣírí rẹ̀. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122.

Ilé ìwòsàn tó bá ní òun ò ní fọwọ́ kan ẹni tó farapa láìsí owó tàbí ìwé ọlọ́pàá ń rú òfin. Abala 20 òfin ìlera ọdún 2014 ní ẹni tó bá kọ ìtọ́jú pàjáwìrì yóò san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. (₦100,000! Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fún aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì.)

Ti ọkọ̀ ìjọba ló le jù. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó fẹ́ pè é lẹ́jọ́ ní oṣù mẹ́ta péré. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ kán lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ato-egungun, kí ẹbí sì máa sọ pé kó kọ́kọ́ gbádùn ná. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lè bá a lọ rí lọ́yà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìwé ẹ̀sùn lè dé kóòtù kí oṣù kẹta tó pé.