Nígbà tí Ọmọ Bá Fẹ́ Ṣe Ìwádìí Nínú Ilé

Bí ọmọ yín bá ti ilé ẹ̀kọ́ girama dé, tí ó ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kí oníkálukú wá ìbéèrè kan, kí ó sì fúnra rẹ̀ wádìí ìdáhùn rẹ̀, kí ni ẹ ó ṣe? Ìyá mìíràn a fi owó lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ ra iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe tán. Òmíràn a lé e kúrò ní ilé ìdáná, kí ó má baà ba ìkòkò òun jẹ́. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìbéèrè kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko mọ̀ pé omi kànga mìíràn a máa jẹ ọṣẹ láìhó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wádìí rẹ̀. Kí ó gbe omi òjò sínú abọ́ tí ó mọ́ (kì í ṣe èyí tí ó ti orí páànù ṣàn), kí ó bu omi kànga yín àti ti aládùúgbò, kí ó sì wọn wọ́n lọ́gbọọgba sínú ìgò mẹ́ta. Kí ó po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ omi òjò, kí ó wọn ṣíbí kékeré kan sí ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ó dé e, kí ó sì mì ín ní ìgbà 20. Kí ó má lo ọṣẹ ìyẹ̀fun bí Omo, nítorí èyí a máa hó nínú omi líle pẹ̀lú. Rúlà ni yóò fi wọn ìfófó rẹ̀. Kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí iye kan bá yàtọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pa á rẹ́. Èròjà bíi calcium àti magnesium, tí omi ń kó láti inú ilẹ̀, ni ó sábà máa ń mú omi le bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò ju 15 lọ gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan jáde. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ kan yóò tan iná fún wákàtí 6. Òkìkí wọn kàn káàkiri ayé, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ gáàsì háídrójìn kúrò nínú ìtọ̀ náà, àwọn onímọ̀ sì béèrè pé: iná mélòó ni ó wọlé kí mélòó tó jáde? Ìbéèrè yìí kò tàbùkù àwọn ọmọ náà. Òun gan-an ni ìwádìí. Irú rẹ̀ ni kí ẹ máa bi ọmọ yín: “Báwo ni o ṣe mọ̀?” Gáàsì yẹn sì ń yára gbiná, nítorí náà, kí ọmọ má ṣe dán irú rẹ̀ wò láìsí olùkọ́ nítòsí.

Ohun kan ṣì kù nípa omi kànga náà. Omi tí ó hó dáadáa lè ní kòkòrò àìfojúrí nínú, ìfófó kò sì lè fi í hàn. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ ìyẹn, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀ láti ọdún 1983. Kò burú bí ó bá lọ bi àwọn onímọ̀ ibẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ máa se omi mímu yín kí ó hó dáadáa lórí iná.