Owó Ọwọ́ Àwọn Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá ara wa sọ ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó àwọn olówó. Owó tí àwọn ọmọdé fi ọwọ́ ara wọn dá jọ ni.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ilé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí òkèèrè, sí orílẹ̀-èdè Japan, kí a wo ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe níbẹ̀.

ỌMỌBÌNRIN KAN NÍ HIROSHIMA

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ju àdó olóró átọ́míìkì sí ìlú Hiroshima. Ọmọ ọdún méjì ni Sadako Sasaki nígbà náà. Ilé àwọn òbí rẹ̀ kò tó kìlómítà méjì sí ibi tí àdó náà ti bú, síbẹ̀ a kò rí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ó dàgbà, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì mọ eré sá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára àwọn tí ń bá kíláàsì rẹ̀ sáré ìje. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kọlù ú, irú èyí tí oró àdó náà fà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ní oṣù kejì ọdún 1955, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láti ìlú Nagoya fi àwọn ẹyẹ tí wọ́n fi bébà ká ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà láàrin àwọn ará Japan pé ẹni tí ó bá ká ẹgbẹ̀rún kan irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ yóò rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ni Sadako náà bá bẹ̀rẹ̀ sí ká a. Nígbà tí bébà wọ́n, èyí tí wọ́n fi di oògùn rẹ̀ ni ó ń lò. Àwa onígbàgbọ́ mọ̀ pé ìwòsàn kò sí lọ́wọ́ ẹyẹ oníbébà, ọ̀dọ̀ Olúwa ni ó wà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wo ọmọ tí ń fi ìka tí kò lágbára mọ́ wá ìyè. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1955, Sadako kú.

ÌWÉ TÍ ÀWỌN ỌMỌ ILÉ Ẹ̀KỌ́ ṢE

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sunkún. Ohun tí ó tún dùn wọ́n ni pé wọ́n ti ṣèlérí láti máa bẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹsẹ̀ wọn dín kù ní ilé ìwòsàn náà. Nítorí náà wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí ẹkún. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò kọ́ ohun ìrántí kan fún Sadako àti fún gbogbo ọmọdé tí àdó olóró náà pa.

Níbo ni ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, yóò ti rí owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú ìlú tí ó ti jó di eérú ní ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú? Àwọn ọmọ náà kó àwọn lẹ́tà jọ, wọ́n tẹ̀ wọ́n ní ìwé láti fi wá owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láti gbogbo Japan pàdé ní Hiroshima, àwọn ọmọ yìí pín ìwé ìléwọ́ fún wọn, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ ròyìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hiroshima ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, díẹ̀díẹ̀, láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ Sadako rí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 3,100 ní Japan ni ó dá sí i, pẹ̀lú àwọn ará orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án mìíràn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1958, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Japan, wọ́n ṣí ohun ìrántí náà. Ó ga ní mítà mẹ́sàn-án, ère ọmọbìnrin kan sì wà ní òkè rẹ̀, tí ó na ẹyẹ oníbébà sókè. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe olówó kan ni ó dá gbọ́ bùkátà yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ sì tún kíyè sí i pé ohun tí àwọn ọmọ náà sọ pé àwọn ń wá owó fún, òun gan-an ni owó náà ṣe.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É LÓNÌÍ

Ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì tí a wà yìí, ọ̀nà ti túbọ̀ là. Ní ọdún 2011, tí í ṣe ọdún tí ilẹ̀ ríri àti omi òkun ba ìlà-oòrùn Japan jẹ́, ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Readyfor àti Campfire bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, láti máa bá ẹni tí ó ní iṣẹ́ rere lọ́kàn gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìwé, tí ó sì fẹ́ fi èrè rẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́, lè kéde rẹ̀ níbẹ̀ kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Yóò sọ iye tí ìtẹ̀wé yóò ná òun, yóò sọ ẹni tí èrè wà fún, yóò sì sọ ọjọ́ tí ìdáwó yóò parí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lọ́kàn yóò san owó sílẹ̀, bí ìwé bá jáde wọn yóò gba tiwọn.

Ìlànà kan wà nínú rẹ̀ tí ó wú wa lórí. Nínú oríṣi ìdáwó kan, bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, wọn kì í gbé e ṣe nǹkan mìíràn. Owó olúkúlùkù yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka yín sí ibẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LÁÀRIN WA

A kò ní tan ara wa jẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan nínú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa já bọ́ láti orí igi máńgòrò, itan rẹ̀ sì kán. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá owó, láìsí àgbà kan tí ó rán wọn. Àwọn kan mú owó tí wọn ìbá fi jẹun ní ilé ẹ̀kọ́ wá. Àwọn mìíràn fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn inú Bíbélì bí ó ti yé wọn, wọ́n fi òwú rán an pọ̀ bí ìwé, wọ́n ń tà á ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n kó gbogbo owó náà lé àwa àgbà lọ́wọ́, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ wa ni kò ti ní sọnù.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni jẹnẹrétọ̀ ilé ìjọsìn bàjẹ́, ìsọjí sì ń bọ̀. A wí láàrin ara wa pé, "Ẹ jẹ́ kí a yá owó àwọn ọmọ yìí lò, bí ọrẹ bá wọlé a óò dá a padà." Ọjọ́ Ìsinmi kan kọjá, èkejì kọjá. Bàbá ọmọ náà, tí kò mọ̀ rárá pé owó wà níbì kan, lọ yá owó èlé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Oṣù mẹ́ta ti kọjá kí a tó dá owó náà padà. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ náà ń rìn. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó jí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, a gbé àpótí síwájú àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n ran àwọn aláìlóbìí lọ́wọ́. Àpótí náà lọ, ó bọ̀, ó fúyẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀?" Kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó ń bèèrè ni. A kò rí èsì fún un.

KÍ NI BÍBÉLÌ FI KỌ́ WA?

Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí kejìlá, a kà nípa owó tí wọ́n ń gbà láti fi tún ilé Olúwa ṣe. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba Jèhóáṣì, àwọn àlùfáà kò tíì tún ilé náà ṣe. Ìgbà tí Jèhóíádà lu ihò sí ìdérí àpótí, tí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ní ojú gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń ka owó náà tí wọ́n sì ń fi lé àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́, ni iṣẹ́ tó lọ síwájú.

Ẹ tún wo Pọ́ọ̀lù nínú Kọ́ríńtì Kejì orí kẹjọ. Àpọ́sítélì ni, síbẹ̀ kò dá gbé ọrẹ àwọn ìjọ lọ. Ó jẹ́ kí arákùnrin tí àwọn ìjọ yàn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọdékùnrin inú Jòhánù orí kẹfà ńkọ́? Ó ní ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì. Jésù gbà á, ó dúpẹ́, ó fi bọ́ àwọn tí ebi ń pa, ó sì ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ kí ohunkóhun má ṣe ṣòfò. Ní ojú ọmọ náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ará, bí ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni Kristẹni ní ilẹ̀ Japan. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá lè ṣe irú èyí, tí àwọn àgbà wọn kò sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kí ni àwa tí a ń pe orúkọ Jésù yóò wí?

OHUN TÍ A Ó ṢE

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí a má gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀rí tàbí ìtàn kí wọ́n sì fi èrè rẹ̀ ra ìwé fún ọmọ aláìlóbìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Kí á jọ kọ iye tí a ń wá, ohun tí a ń wá a fún, àti ọjọ́ tí yóò parí, sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Kí ọmọ méjì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ka owó. Kí wọ́n tẹ̀lé wa lọ nígbà tí a bá ń fi jíṣẹ́. Bí owó kò bá sì pé, kí a sọ fún wọn, kí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe.

Àwa ti lọ bẹ àwọn ọmọ tiwa. A dúró níwájú kíláàsì wọn, a sọ ohun tí a ṣe, a sì tọrọ ìdáríjì. Ó nira fún àgbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin ọjọ́sí ni ó kọ́kọ́ rìn wá sí ìdí àpótí. Ó sọ owó tirẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì dúró tì í títí a fi kà á tán.

Níbi pẹpẹ àdúrà ìdílé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ wọn. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ mímọ́ tí àwọn ọmọ wa lè gbé ohun ìní wọn lé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.