Wọ́n ní ayé ló mú mi lọ́wọ́, àṣé máòsì kọ̀ǹpútà ni!

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò rí mi lójú ewé yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo dúpẹ́ púpọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ o, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì sá lọ sí Kánádà gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Wàhálà ọwọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, èyí tí mo fi ń jẹun, tí mo sì fi ń kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà, òun ló fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀ lójijì, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Jákáńdè Ẹsitéètì tó wà n'Ílasàn, lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ilé olówó ńlá. Bàbá Lateef Jakande tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, orúkọ wọn ni ẹsitéètì náà ń jẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun sì wó Màrókò lóṣù keje ọdún 1990, ara àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n kó wọn wá. Ilé mẹ̀kúnnù ni, yàrá ibẹ̀ ò fẹ̀. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ mi, orí ẹ̀ la ti ń jẹun, orí ẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, orí ẹ̀ náà lèmi ti ń kọ ìròyìn tílẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ fi tábìlì yẹn sọ́kàn o, ó nípa tó kó nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún tó kọjá ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nítorí lápútọ́ọ̀pù mi kéré. Mo bá lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, mo ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan tó fẹ̀ dáadáa, mo fi wáyà so ó mọ́ lápútọ́ọ̀pù, mo gbé e sẹ́yìn ẹ̀. Háà, ayọ̀ ńlá! Lẹ́tà wá tóbi, ojú fúyẹ́. Àmọ́ ojú mi ń wo òkèèrè, ọwọ́ mi sì wà nílẹ̀ lórí pátákó kékeré tí wọ́n ń fi ìka pa lára lápútọ́ọ̀pù. Màá na ọrùn síwájú, màá wá ká èjìká jọ bí ẹni tí òtútù ń mú. Mo ní kí n gbọ́n, mo kó ìwé atúmọ̀-èdè méjì sábẹ́ lápútọ́ọ̀pù kóun àti mọ́nítọ̀ lè dọ́gba. Ojú dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wá ń lọ sókè bí ẹni tó fẹ́ ká máńgòrò lórí igi.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu láti ra máòsì. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti rà á? Nínú gosíloò ojú títì ni, lọ́wọ́ ọmọ tó ń sá tẹ̀lé mọ́tò. Máòsì náà kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju agbálùmọ̀ lọ. Mo ní kí ló kàn mí, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́.

Kò pé oṣù méjì tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá di òru, ọwọ́ ọ̀tún á kú tipiri, á máa ta mí bíi pé èèrà wà nínú ẹ̀. Màá dìde jókòó, màá máa gbọn ọwọ́ lókùnkùn. Ìyàwó mi kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe àṣejù kí n má baà bá wọn pọn omi ni. Ìgbà tí ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ẹ̀ ló tó gbà gbọ́.

Mo ṣi ẹnu sọ fún màmá mi lórí fóònù. Háà! Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta lo bọ̀ lọ́wọ́?" Mo ní èèyàn tí mò ń bọ̀ lọ́wọ́ lójúmọ́ pọ̀. Wọ́n ní kí n ronú dáadáa. Mo ronú. Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ni Alàájì tó ń gbé lórí wa, tó bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tí wọ́n tún di ọwọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ń bi mí léèrè ìwé ìròyìn wa. Màmá mi ní, "Ó parí! Ayé ti mú un. Ọwọ́ tó fi ń jẹun ni wọ́n fẹ́ gbà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kàwé dé poli, mo gbàwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gbóhùn Alàájì lórí àtẹ̀gùn, màá padà sínú ilé. Tí wọ́n bá na ọwọ́, màá fi méjèèjì di báàgì mú, màá ní, "Alàájì, ẹ ku ilé o." Ẹni tó máa ń bá wa ṣí géètì tá a bá pẹ́ dé o!

Màmá àgbàlagbà kan ní búlọ́ọ̀kù tó tẹ̀ lé tiwa ló kó mi yọ. Taipísì ni wọ́n níbi iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n rí mi tí mò ń gbọn ọwọ́ níwájú ilé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìka wo gan-an ló ń kú?" Mo ní gbogbo ẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá, kí n wò ó dáadáa. Mo wò ó: àtàǹpàkò ni, ìka ìlábẹ̀ ni, ìka àárín ni, àti ìdajì èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó kéré jù níkangun ò ṣe nǹkan kan. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ayé wo ló máa mú èèyàn lọ́wọ́, tó máa wá yọ ìka kan sílẹ̀? Lọ sí ọsibítù. Àwa taipísì mọ èyí dáadáa."

Mo lọ. Ohun tí màmá wí náà ni wọ́n wí. Ojú ọ̀nà tóóró kan wà ní ọrùn ọwọ́ wa níbi tí iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára ń gbà kọjá. Téèyàn bá ń tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, tó sì ń gbé e lé etí tábìlì, ibẹ̀ lè wú, á wá máa fún iṣan yẹn mọ́lẹ̀. Àwọn ìka tí iṣan náà ń bójú tó nìkan ló ń kú, iṣan mìíràn ló ni ìka kékeré. Wọ́n fún mi ní ohun tí mò ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ lálẹ́ kó má baà ká. Wọ́n tún ní kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ló ń fà á o, oyún a máa fà á, àtọ̀gbẹ náà a máa fà á. Torí náà tọ́wọ́ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ìwé ìròyìn ṣe dókítà.

Wọ́n wá bi mí pé irú máòsì wo ni mò ń lò. Mo mú un jáde nínú àpò. Ẹni tó ń tọ́jú mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó wo ọwọ́ mi tó rí gbàgùdù, kò sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe padà sí Computer Village nìyẹn, tí mo wá fara balẹ̀ bí ẹni tó ń ra bàtà. Bàtà náà sì ni. Máòsì tó bá kéré jù fún ọwọ́, ìka lẹ̀ẹ́ máa fi fún un bí ẹni mú akàn. Èyí tó dáa, àtẹ́lẹwọ́ yín á lè sinmi lé e lórí, ìka á nà gbalaja lórí bọ́tìnnì láìká. Mo gbìyànjú èyí tó dìde dúró bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé tábìlì báyìí, ẹ dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀: egungun méjì tó wà lápá ń lọ́ mọ́ra wọn nìyẹn. Ẹ wá gbé e dúró bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn, ẹ ó rí i pé apá túra ká. Ohun tí máòsì yẹn ń ṣe nìyẹn. Logitech gbé ọ̀kan jáde ní 2018 tí wọ́n ń pè ní MX Vertical, ó dáa, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ju agbára mi lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe èyí tó rọjú.

Mo tún rí èyí tó ní bọ́ọ̀lù lórí. Máòsì náà á jókòó sójú kan, bọ́ọ̀lù lẹ̀ẹ́ máa yí. Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Kánádà ti ní irú ẹ̀ ní 1952, bọ́ọ̀lù eré ìdárayá gidi ni wọ́n sì fi ṣe é! Ìgbà yẹn, máòsì ò tí ì sí láyé. Ọdún 1964 ni Douglas Engelbart àti Bill English ṣe máòsì àkọ́kọ́ ní Kalifóníà, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, Engelbart sì kú ní 2013 láìrí owó gidi kan jẹ lórí ẹ̀. Ẹ ò rí ayé bí? Èyí tó ní bọ́ọ̀lù yẹn ló bá tábìlì bíi tèmi mu jù, torí kò nílò àyè tó máa sá lọ sá bọ̀, ẹ lè gbé e lé àárín abọ́ ọbẹ̀ àti ìwé ọmọ. Ẹ kàn máa yọ bọ́ọ̀lù náà nu. Àmọ́ tó bá jẹ́ àtàǹpàkò lẹ fi ń yí i, tí àtàǹpàkò yín sì ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n ń fi ìka yòókù yí. Ọ̀ràn tèmi nìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi mú èyí tó dìde dúró.

Mo tún ra kíbọ́ọ̀dù kékeré tí kò ní ìlà nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn nọ́ńbà yẹn ló ń ti máòsì jìnnà, téèyàn á máa na apá lọ bá a. Ní báyìí, ìgbọ̀nwọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi, ó rọra jókòó. Mo sì fi kún ìyára àmì tó ń sáré lójú mọ́nítọ̀, torí mọ́nítọ̀ ńlá túmọ̀ sí ìrìn jíjìn, ọwọ́ ló sì ń rìn ín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù yín dání, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wò ó bóyá ó ń kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì, àléébù tòkunbọ̀ nìyẹn. Tí tábìlì yín bá jẹ́ gíláàsì, ọ̀pọ̀ máòsì ò ní ríran lórí ẹ̀, ẹ tẹ́ nǹkan sí i. Jọ́tà tí wọ́n pín níbi òkú ìyá ọ̀gá mi kan ni mo tẹ́ sábẹ́ tèmi.

Màmá taipísì ní kí n máa fi ọwọ́ òsì lo máòsì nígbà mìíràn kí ọ̀tún lè sinmi. Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe, kọ̀ǹpútà á bá yín pààrọ̀ bọ́tìnnì, àmọ́ èyí tó dìde dúró kò ní gbà, torí ọwọ́ kan ni wọ́n ṣe é fún. Ti àtijọ́ tó rí pẹrẹsẹ ni mo ń fi òsì lò. Mi ò tí ì sọ fún màmá mi. Wọ́n á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká tó wá sọ pé ká fi wá oúnjẹ.

Ọwọ́ ò tí ì dáa tán, ṣùgbọ́n mò ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo dúró de Alàájì lórí àtẹ̀gùn, mo na ọwọ́ ọ̀tún sí wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Akọ̀ròyìn, báàgì ń kọ́ lónìí?" Ìtìjú bá mi. Mi ò lè ṣàlàyé lójúkorojú. Alàájì, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ra ìwé ìròyìn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.